Ọkàn Inú Àpótí Yìnyín: Ṣé A Lè Gbà Kí A Má Lè Fúnni?



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fi ọkàn sínú àyà wa, tó sì ń mú un lù tọ̀sán-tòru láìjẹ́ pé a rán an létí. 

  Ó yẹ kí a máa bá ọ̀rọ̀ sàká ohun ọ̀gbìn lọ lọ́sẹ̀ yìí, láti ibi tí a dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí pé èmi gan-an ni mo bà á jẹ́.

Ọmọ àbúrò mi kan ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyàwó yìí bí ọmọ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò lè sùn gbalaja mọ́, àfi kó fi ìrọ̀rí mẹ́ta ti ẹ̀yìn kó tó lè mí. Wọ́n rò pé àárẹ̀ ọmọ bíbí ni. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n sọ fún wọn pé ọkàn rẹ̀ ti fẹ̀, kò sì lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́. Àìsàn yìí kì í ṣe àjèjì sí wa níbí. Agbègbè Kano àti Zaria wà lára ibi tó ti wọ́pọ̀ jù lọ ní gbogbo ayé. Oògùn ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ obìnrin tó bá ní i, àlàáfíà wọn a sì padà. Tirẹ̀ kò gbọ́ oògùn. Àwọn dókítà wá sọ pé ó ku ohun kan: kí wọ́n yọ ọkàn náà, kí wọ́n fi ọkàn ẹlòmíràn tó ti kú rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ yìí pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Ìṣáì tán. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mùsùlùmí lè gba ọkàn òkú? Bí ẹni náà kì í bá ṣe mùsùlùmí ńkọ́?" Mi ò ṣí ìwé kankan. Mi ò béèrè nǹkan kan. Mo ní harāmù ni, pé kí wọ́n máa ka Àlùkùránì sí i lára, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó pa fóònù. Ohùn tó fi sọ "ẹ ṣé" yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru méjì.

Ìlànà kan wà lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ wa pé ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan ṣe rí kò lè dá ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéú ní ìlànà yìí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo fò ó bí ẹni fo kòtò. Ẹ̀rù ló dáhùn lẹ́nu mi, kì í ṣe ìmọ̀.

Nítorí náà mo lọ bá dókítà kan, ọmọ Ìjùmú, mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé.

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé ọkàn kì í ṣe ohun tí a lè yọ lára ẹni tó kú lánàá. Ẹ̀yà ara tí kì í sinmi ni; iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, oúnjẹ tó ń jẹ pọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, kíá ló ń bàjẹ́. Kíndìnrín lè wà lórí yìnyín fún wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó fi sí ara ẹlòmíràn. Ẹ̀dọ̀ lè tó wákàtí 12. Ọkàn ní tirẹ̀, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ń kà fún un. Bí ó bá ti ń lọ sí mẹ́fà, ẹ̀rù ti dé nìyẹn. Láàárín àkókò yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́, kí wọ́n gbé e wọ mọ́tò tàbí bàálù, kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kejì, kí wọ́n rán an sí àyà ẹni tó ń dúró dè é, kí ẹ̀jẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí bàálù bá ń gbéra níbì kan, wọ́n ti ń gbé aláìsàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ níbòmíràn.

Ẹni tó ń fi ọkàn sílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ìjàǹbá mọ́tò tàbí ẹ̀jẹ̀ tó já nínú orí ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ẹ̀rọ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Ọkàn ṣì ń lù. Àwọn dókítà tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú aláìsàn tó ń dúró ló máa yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹyinjú rẹ̀ ń dáhùn sí ìmọ́lẹ̀, ṣé ó ń wúkọ́ bí nǹkan bá kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ṣé ó lè mí fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá dá ẹ̀rọ dúró díẹ̀. Bí ìdáhùn gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ rárá, tí ẹbí sì gbà, wọn á da omi tútù kan tí èròjà pọ̀tásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ sínú ọkàn náà. Omi yìí ló ń mú kó dákẹ́. Wọn á yọ ọ́, wọn á dì í sínú ọ̀rá mímọ́ tó ní omi tútù, ọ̀rá lórí ọ̀rá, wọn á sì gbé e sáàárín yìnyín nínú kúlà, irú èyí tí àwọn obìnrin wa fi ń ta omi tútù àti mínírà ní gáréèjì Kabba. Mo bi dókítà náà lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní rárá, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e káàkiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé ibòmíràn ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ dòní.

Òtútù náà ní ìwọ̀n. Bí kò bá tutù tó, ọkàn á jẹ gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ tán kó tó débi tó ń lọ. Bí ó bá tutù jù, tí yìnyín fara kàn án, ẹran rẹ̀ á bàjẹ́ bí ẹja tó dì tó tún yọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó gbé àpótí oògùn àjẹsára kọ́ èjìká, tí wọ́n ń gba ọ̀nà oko lọ sí ìlú kéékèèké Bùnú, ẹ ti rí àbúrò iṣẹ́ yìí. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ni oògùn náà gbọ́dọ̀ wà. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, omi lásán ni wọ́n ń fún ọmọ. Lórí àpótí wọ̀nyẹn ni Áfíríkà fi bọ́ lọ́wọ́ àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tó ń jà nílẹ̀ wa, tí àjọ ìlera àgbáyé kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020.

Nígbà àkọ́kọ́, wọn kò gbé ọkàn rin ìrìn kankan. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, Dókítà Christiaan Barnard yọ ọkàn Denise Darvall, ọmọbìnrin tí mọ́tò kọ lù, ó sì fi sí àyà Louis Washkansky. Yàrá iṣẹ́ abẹ méjì tó wà nítòsí ara wọn ni wọ́n lò. Bàbá ọmọbìnrin náà ló fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 18 ni Washkansky lò lẹ́yìn rẹ̀, tí àrùn inú ẹ̀dọ̀fóró fi pa á. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1968, Barnard tún fi ọkàn Clive Haupt sí àyà Philip Blaiberg. Blaiberg lo oṣù 19. Ẹ rántí pé ayé apartheid ni. Haupt jẹ́ ẹni tí òfin ilẹ̀ náà pè ní aláwọ̀ àdàlù, Blaiberg jẹ́ òyìnbó. Bí àwọn méjèèjì bá wà láàyè, òfin kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé àdúgbò kan náà. Ọkàn náà kò béèrè lọ́wọ́ òfin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ìtàn rere nìkan ló wà níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968 kan náà, ní Richmond ní ìpínlẹ̀ Virginia, Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bruce Tucker ṣubú, ó fi orí gbá. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ti yọ ọkàn rẹ̀ fún oníṣòwò òyìnbó kan. Kò sí ẹni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú òkú fún ìsìnkú ló sọ fún wọn pé ọkàn kò sí níbẹ̀. Ẹbí gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Lọ́dún 1972 àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ dá àwọn dókítà láre. Agbẹjọ́rò tó gba ẹjọ́ ẹbí náà rò ni Douglas Wilder, ẹni tó wá di gómìnà Virginia lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan ní Kabba bá sọ pé òun ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ kéde òun ní òkú nítorí pé olówó kan ń dúró de ọkàn òun, ẹ má pè é ní aláìmọ̀kan. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ẹni tó jọ wá ló sì ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀. Wọn kò fẹnu kò, mi ò sì ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Àwọn tó kọ̀ ọ́ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Wọ́n mú hádíìsì ìyá wa Áíṣà, èyí tí Abu Dawud gbé jáde, tó fi fífọ́ egungun òkú wé fífọ́ egungun alààyè. Wọ́n ní àmáánà ni ara jẹ́ lọ́wọ́ wa, a kò sì lè fi ohun tí kì í ṣe tiwa tọrẹ. Muftí Muhammad Shafi ti Pakistan wà lára àwọn tó dúró lórí èyí, kì í sì í ṣe ẹni tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Àwọn tó gbà á mú ìlànà dárúúrà, pé ìnira tó bá dójú ikú a máa ṣílẹ̀kùn ohun tí à bá tì. Wọ́n tọ́ka sí aayah 32 nínú Suratul Máídah, nípa bí ẹ̀mí ẹnì kan ṣoṣo ṣe wúwo tó lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ àgbà ní Sáúdì yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́dún 1982. Ìgbìmọ̀ fíkíhì ti Rábítà ní Mẹ́kà, lọ́dún 1985. Èyí tó kàn wá jù lọ ni ti àjọ onímọ̀ fíkíhì tó wà lábẹ́ OIC. Ní Jeddah, lọ́dún 1988, wọ́n ní ó tọ́ láti mú ẹ̀yà ara òkú fún alààyè tí ẹ̀mí rẹ̀ gbé lé e, bí òkú náà bá ti yọ̀ǹda kó tó kú tàbí tí àwọn ajogún rẹ̀ bá gbà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n ní harāmù ni láti yọ ọkàn lára alààyè. Wọ́n sì ní kò sí títà, kò sí rírà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni èwo ni òkú. Ní Amman, lọ́dún 1986, àjọ OIC yìí gbà pé ẹni tí gbogbo ọpọlọ rẹ̀ ti dákẹ́, tí àwọn dókítà onímọ̀ jẹ́rìí pé kò lè padà, ti kú, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ń mú ọkàn rẹ̀ lù. Ìgbìmọ̀ ti Mẹ́kà kò bá wọn lọ dé ibẹ̀. Lọ́dún 1987 wọ́n ní a lè yọ ẹ̀rọ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní pè é ní òkú nínú ṣẹ̀ríà títí èémí àti ọkàn yóò fi dúró lẹ́yìn tí a bá yọ ẹ̀rọ náà.

Mo rò pé ibí ni ọ̀rọ̀ àpótí ti wọ inú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, èmi ò sì mọ èyí tẹ́lẹ̀ rí. Bí ọkàn bá ti dúró nínú ara, tí a wá gbé e sórí yìnyín, ìṣòro méjì ló bá a: ó ti pàdánù ẹ̀jẹ̀, a kò sì mọ̀ bóyá ó ṣì lágbára. Ìdí nìyí tó fi pẹ́ tó jẹ́ pé ọkàn tó ṣì ń lù nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀rọ kan ti dé báyìí tí kì í lo yìnyín. Wọ́n á so ọkàn náà mọ́ ọn nínú àpótí, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ẹni tó fi í sílẹ̀ á máa yípo gba inú rẹ̀, ọkàn á sì máa lù nínú àpótí nígbà tí mọ́tò ń sáré lọ. Ní Sydney lọ́dún 2014, àti ní ilé ìwòsàn Papworth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkàn lọ́wọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró fúnra rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ó bá ti dúró, wọn á fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣọ́ ọ kí wọ́n tó kéde ikú. Fún mùsùlùmí tó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ Mẹ́kà, ọ̀nà tó sún mọ́ ọkàn rẹ̀ jù nìyí.

Ẹnì kan bi mí ní móṣáláṣí pé, bí ọkàn náà bá tún lù nínú àpótí, ṣé ẹni náà kú lóòótọ́? Ìbéèrè gidi ni, mo sì fi ọjọ́ mélòó kan rò ó. Ohun tí mo rò ni pé ọkàn ló padà lù; ẹni náà kò padà. Kò gbọ́ orúkọ rẹ̀, kò ṣí ojú. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹran. Bí onímọ̀ kan bá ní èsì tó dára ju èyí lọ, mo ń retí rẹ̀.

Àpótí òtútù pàápàá ti yàtọ̀. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Pitié-Salpêtrière ní Paris fi irú rẹ̀ kan, tó ń tọ́jú ọkàn ní ìwọ̀n 8 tí omi èròjà sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, gbé ọkàn láti àwọn erékùṣù Faransé ní Caribbean sọdá òkun Atlantic nínú bàálù èrò. Wákàtí 12 ni ó lò lóde ara, ó sì ṣiṣẹ́. Ìwé ìròyìn The Lancet gbé e jáde lọ́dún 2024.

Ìbéèrè kejì tí ọmọ mi bi mí, nípa ọkàn ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ yín ló ní in nínú tí ojú ń tì yín láti béèrè. Gbogbo wa la mọ hádíìsì Nu'man ọmọ Bashir lórí ègé ẹran inú ara. Ṣé bí wọ́n bá pààrọ̀ ègé ẹran náà, ìmàánì pààrọ̀? Ẹ wo èdè wa. Bí mo bá sọ pé ọkàn mi kò balẹ̀, kò sí ẹni tó máa ro ẹran. Yorùbá fi orúkọ kan pe méjèèjì, Lárúbáwá náà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kan kò sọ nǹkan méjì di ọ̀kan. Dókítà yẹn sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọkàn, wọ́n ń gé gbogbo iṣan tó so ó mọ́ ọpọlọ. Nínú ara tuntun, ó ń lù fúnra rẹ̀, ó tilẹ̀ ń yára ju tiwa lọ nígbà ìsinmi. Ẹni tó bá gbà á ṣì mọ Fátíhà tó kọ́ ní kékeré, ó ṣì mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. A ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí ní gbogbo ilé ìwòsàn nílẹ̀ yìí, mi ò sì tíì gbọ́ pé ẹnì kan tún kálímọ́ṣáhádà sọ nítorí ẹ̀jẹ̀. (Ẹnì kan lè fẹ́ mú ìtàn bí málékà ṣe la àyà Ànábì wa tó sì fi omi Sámúsámú fọ ọkàn rẹ̀. Èmi ò ní mú un wọ ibí. Iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́hun nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ dókítà.)

Ní tiwa ní ilẹ̀ Okun, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí ẹnì kan bá ní wọ́n yọ ọkàn òkú kan, ilé ìwòsàn kọ́ ni a ń rò. Ọmọ ènìyàn tí wọ́n fi ṣe owó la ń rò. Àwọn baba ńlá wa kì í fi òkú ṣeré. Àwọn ìyá Bùnú hun aṣọ ipò pupa láti fi bọlá fún òkú àwọn àgbà. A fẹ́ kí òkú pé. Ìslám náà fẹ́ kí a tètè sin ín, kí a wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìkánjú ìsìnkú kò lágbára tó bí a ṣe rò. Iṣẹ́ ọkàn kì í dúró dọ̀la; iṣẹ́ wákàtí ni. Wọ́n ń rán àyà òkú padà bí wọ́n ṣe ń rán ti alààyè, wọ́n sì ń gbé e fún ẹbí láti wẹ̀. Àwa tí a mọ bí a ṣe ń sin òkú lọ́jọ́ kan náà, ó yẹ kí ìkánjú wọn tètè yé wa.

Ọ̀rọ̀ títà lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rù nìkan. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní apá kan tó dá lórí ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀yà ara, ó sì ka gbígba owó lórí wọn sí ẹ̀ṣẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ní London rán Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu lọ sí ẹ̀wọ̀n fún ọdún 9 àti oṣù 8, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n mú láti Nàìjíríà kí wọ́n lè gba kíndìnrín rẹ̀ fún ọmọ sẹ́nétọ̀ náà. Bàbá tó fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ là ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àánú ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta ọjà kéékèèké ní Èkó ṣe mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí owó bá ti wọ ọ̀rọ̀ yìí, ara tálákà ló máa ń lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ní Kabba, a kò tíì dé ibi ọkàn. Láti Kabba sí Lọ́kọ́ja bí 80 kìlómítà ni, ẹ sì mọ ohun tí ọkọ̀ símẹ́ńtì Ọbájànà ti sọ ọ̀nà náà dà, ẹ mọ ìdí tí a kì í fi í rìn ín lóru. Wákàtí mẹ́rin lè tán lórí kòtò. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń wọ́n wa níbí, obìnrin ń bímọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà, àwọn ọkọ ń sáré kiri. Ẹ̀jẹ̀ tí a bá tọ́jú ní ìwọ̀n 2 sí 6 lè wà fún ọjọ́ 35. Lọ́dún 2016, Temie Giwa-Tubosun dá LifeBank sílẹ̀ ní Èkó, tí ọ̀kadà ń gbé ẹ̀jẹ̀ nínú àpótí tútù láàárín mọ́tò tó dí pa lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí fátíwà tó dí wa lọ́wọ́ ìyẹn. Bí mọ́ṣáláṣí mẹ́wàá ní ilẹ̀ Okun bá fún ilé ìwòsàn ní ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, tí a sì ra fìríìjì onísólà kan láti inú owó wàlímọ̀ tí a ń ná lórí áńkóò, a ó ti dá ẹ̀mí sí kí a tó jókòó jiyàn lórí ọkàn. Mo ti sọ èyí fún ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wa. Wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò lẹ́yìn Ràmàdáánì. A ti gba Ràmàdáánì méjì kọjá.

Lẹ́yìn gbogbo èyí mo pe ọmọ mi padà. Mo ní kó foríjì mí, pé mo sọ ohun tí n kò mọ̀. Mo ní gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀ tí mo tẹ̀lé, ìyàwó rẹ̀ lè gbà á, láìwo ẹ̀sìn ẹni tó fi í sílẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ṣé a lè fúnni pẹ̀lú?" Ó ṣàlàyé pé láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, òfin England ka àgbàlagbà tí kò bá kọ̀ ọ́ sí ẹni tó gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń béèrè lọ́wọ́ ẹbí, pé àyè sì wà lórí ìwé náà láti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣe pàtàkì sí ẹni. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun tó jẹ́ mùsùlùmí ní gbígbà kò burú nítorí ìnira, ṣùgbọ́n fífúnni harāmù ni.

Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kan wà tó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Èmi kò lè bá wọn lọ. Bí gbogbo mùsùlùmí bá gbà, tí ẹnì kankan kò fúnni, ohun tí à ń sọ ni pé kí òkú àwọn aládùúgbò wa máa gbà wá là, kí òkú tiwa sì ga ju tiwọn lọ. Ojú á tì mí láti sọ èyí fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ fi ọkàn sílẹ̀ fún ìyàwó ọmọ mi. Ẹni tó bá rò pé òkú kò tíì kú títí ọkàn fi dúró, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú wàsíyyà rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ pátápátá nítorí hádíìsì egungun, ọ̀wọ̀ rẹ̀ wà, kí òun náà kọ ọ́. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kí a dákẹ́ títí ọjọ́ ìjàǹbá, kí aya àti ọmọ máa wá fi omijé jiyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí wákàtí ń lọ.

Mo ti kọ tèmi. Ẹlẹ́rìí méjì ni mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ mi kan tí a jọ kéú ti fọwọ́ sí i. Àkọ́bí mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó dá a padà, ó ní òun ṣì ń rò ó. Mi ò bínú sí i.

Ìyàwó ọmọ mi ṣì ń dúró. Ilé ìwòsàn ní kí fóònù má jìnnà sí i, tọ̀sán-tòru, nítorí pé bí ọkàn bá wà, wọn kò ní àyè láti máa wá a kiri. Lálẹ́ Àlàmísì tó kọjá, ó jí gìrì nígbà tí fóònù dún, ọkọ rẹ̀ ti ń wá bàtà. Èmi ni mo pè, mo fẹ́ bi í bóyá ó jẹun. Láti ìgbà náà, àtẹ̀jíṣẹ́ ni mò ń fi ránṣẹ́ sí i.